Ìṣirò Ohun tí ń Dínkù, àti Ọjọ́ Orí Iṣẹ́ Àwọn Baba Wa



Nígbà tí a gbọ́ pé àwa ni yóò sọ̀rọ̀ lónìí lórí ìṣirò, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní í ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí àṣà àti ìtàn Yorùbá? Ìbéèrè náà tọ́, èsì rẹ̀ ni a sì gbé wá.

Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ọnà tí ó yà á lẹ́nu, ó sì so ó mọ́ ìlú Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì, bí ẹni pé ọwọ́ baba wa kò lè ṣe é. Ní 1938, bí àwọn kan ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ mìíràn jáde. Nígbà wo ni a ṣe wọ́n? Olúkúlùkù ń fi ẹnu wọ̀n ọ́n.

Ní 1949 ni W. F. Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago fi hàn pé a lè fi kábọ́nù 14 mọ ọjọ́ orí èédú. Igi a máa gba kábọ́nù yìí láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ó wà láàyè. Bí a bá ti gé e, kò gbà á mọ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa dínkù. Lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì ni yóò kù. Lẹ́yìn 5,730 mìíràn, ìdajì ìdajì náà.

A fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò di olùkọ́ lọ́la. A ní: a bá èédú nínú ilẹ̀, kábọ́nù 14 rẹ̀ ku ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó ti tó ọdún mélòó tí a ti gé igi rẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn kọ 1,146. Ọ̀kan ṣe àlàyé: “Bàbá, bí ìdajì bá lọ ní 5,730 ọdún, ìdámárùn-ún ìdajì náà yóò lọ ní ìdámárùn-ún ọdún wọ̀nyí.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn díẹ̀ kọ dN/dt = −kN, wọ́n sì rí 871, èyí tí ó tọ́. A ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kọ fún wa. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́. Èyí dùn wá ju àṣìṣe àwọn yòókù lọ, nítorí àwa ni a kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

A bá pa ìwé dé. A ní: ọkùnrin kan ní 1,000 owó ẹyọ, ó pinnu pé lójoojúmọ́ òun yóò ná ìdámẹ́wàá èyí tí ó bá kù. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ó ná 100. Lọ́jọ́ kejì 90. Lọ́jọ́ kẹta 81. Ẹni tí ó kọ 1,146 dìde, ó ní, “Ẹ dákun, bàbá, ṣé bí èyí tí ó kù ti ń dínkù ni èyí tí ń lọ náà ń kéré?” A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ kọ sí pátákó gan-an nìyẹn.”

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní differential equation: kò sọ iye tí nǹkan jẹ́, bí ó ti ń yí padà ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá yanjú rẹ̀ ni ó ń rí iye náà. Nínú ọ̀ràn kábọ́nù, bí 121 ní ń lọ lọ́dún nínú mílíọ̀nù kan tí ó bá kù. (Newton sọ irú rẹ̀ ní 1701 nípa ohun gbígbóná tí ń tutù; ẹni tí ó bá ti dúró ti ẹ̀kọ gbígbóná mọ̀ pé ooru rẹ̀ kì í lọ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.) Nítorí pé púpọ̀ ni ó ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdámẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í pẹ́ tó bí ọmọ wa ti rò.

Ìyàtọ̀ 1,146 àti 871 jẹ́ 275 ọdún. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ ka àwọn ọba ìlú yín sẹ́yìn títí dé 275 ọdún, ẹ wo iye tí ẹ ó kà.

Ìdọ́gba yìí ni a fi wọn èédú tí a hú ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀. Idẹ fúnra rẹ̀ kò ní kábọ́nù tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Èédú tí ó bá a wà nínú ilẹ̀ ni a ń wọ̀n, a sì ń lo ọ̀nà mìíràn fún amọ̀ inú orí idẹ. Àwọn onímọ̀ tún ń fi òrùka inú igi ṣe àtúnṣe sí iye náà, nítorí kábọ́nù 14 inú afẹ́fẹ́ kò dúró lójú kan láti ìgbà dé ìgbà. Ohun tí gbogbo rẹ̀ fi hàn ni pé iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ ti gbilẹ̀ kí ọkọ̀ àwọn Potogí tó dé etíkun wa ní nǹkan bí 1472. Ọ̀rọ̀ Atlantis ti parí.

Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ wa kò gbọdọ̀ kọ ìdọ́gba sí pátákó kí ó tó fi Yorùbá sọ ọ́. Olùkọ́ kan bínú sí wa, ó ní ìdánwò kò ní béèrè Yorùbá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdánwò ń béèrè 871.

Ọ̀rọ̀ ni ó kù tí a ń wá. Iye ọdún tí ìdajì fi ń lọ, àwa ń pè é ní ọdún ìdajì. A kò tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ wa lọ́rùn fún logarithm. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́.