Ahọ́n A Máa Ran Etí Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Pleasure, etí nìkan kọ́ ni a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2009, àwọn amòye ilẹ̀ Ítálì fi agbára òòfà ta ibi tí ọpọlọ ti ń darí ètè jí. Àwọn olùgbọ́ sì tètè dá ìró b àti p mọ̀ láàárín ariwo. Nígbà tí wọ́n ta ibi ti ahọ́n jí, d àti t ni ó yá wọn. Ẹ wo gb inú Ẹgbẹ́dá: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni a jùmọ̀ fi ń pè é. Àlejò tí kò lè pè é sábà máa ń gbọ́ ọ bí b. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ Yorùbá, kí etí rẹ̀ má baà di etí àjèjì.