Búrẹ́dì Tó Kù Lórí Àtẹ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi àjọ̀dún)

Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró nítorí ìrẹsì ti ń jinná, n kò sì ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni mo fẹ́ sọ. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra. Èmi ni mò ń kọ ìwé owó yín, mo sì mọ ohun tí mo ń rí níbẹ̀. Nínú àwọn tó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn oníbúrẹ́dì wa wà lára àwọn tí owó sísan máa ń nira fún jù, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdájí ni wọ́n ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan gba búrẹ́dì 30 ní ₦1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tà á ní ₦1,100. Ó ta 26, ó jèrè ₦2,600, ó ń dúpẹ́. Àmọ́ mẹ́rin kù, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í gbà á padà. ₦4,000 ló wà nílẹ̀ yẹn. Ó ti wọ gbèsè ₦1,400 kó tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Ẹ wò ó dáadáa: búrẹ́dì kan tó bà jẹ́, èrè mẹ́wàá ló gbé lọ. Bí ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi tàbí òjò pa ọjà, àwọn tó ń kù á tún ju mẹ́rin lọ.

Búrẹ́dì kò sì ní pọ̀ lọ́pọ̀ fún wa, torí àlìkámà kì í ṣe irè oko wa. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀yin àgbà á rántí ọdún 1987 tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, títí di 1992 tí wọ́n tó tú òfin náà ká. Ẹ sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì wálẹ̀ lójú dọ́là. Ẹni tó bá da búrẹ́dì nù lónìí, dọ́là ló dà nù.

Ọ̀tọ̀ ni búrẹ́dì tó gan, ọ̀tọ̀ ni èyí tó bu. Èyí tó gan kàn le ni, kò tíì bà jẹ́. Èyí tó bu ni èyí tó hu irun funfun, tàbí tó ní àmì bíi ewé tútù lára. Àwọn kan á gé ibẹ̀ dànù, wọ́n á jẹ ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Búrẹ́dì rọ̀, ohun tí ẹ rí lókè yẹn ti ta gbòǹgbò wọnú ibi tí ojú kò rí. Ẹ má sì fún adìyẹ, ó lè ṣe òun náà ní jàǹbá.

Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi. Nígbà tí mò ń ta búrẹ́dì mọ́ ẹrù mi, mo fi èyí tó ti ń bu nísàlẹ̀ sí abẹ́ àwọn tuntun, mo sì tà á fún tíṣà kan. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e wá, kò pariwo, ó kàn gbé e kalẹ̀ lórí àtẹ mi níṣojú àwọn èèyàn, ó sì lọ. Kò rajà lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi kúrò nílùú. Owó búrẹ́dì kan ni mo ń sá fún.

Èyí tó gan wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó gbé omi kaná, kó fi asẹ́ lé ẹnu ìkòkò, kó to búrẹ́dì sí i, kó dé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Á rọ̀ bíi tàárọ̀, àmọ́ kí ẹ tètè jẹ ẹ́ torí á tún le. Ẹ má sì gbé búrẹ́dì sínú fíríjì pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀. Nínú fíríjì ló ti ń tètè gan ju orí tábìlì lọ. Fírísà ló ń dá a dúró, ṣùgbọ́n iná tiwa níhìn-ín, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Fún títà, ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ sá a díẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n kí eṣinṣin má bà lé e, kí ẹ wá yan án lórí iná èédú tí kò le, títí á fi máa dún kàù lẹ́nu. Bí ó bá tutù tán, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú tíì. Àwọn èérún tó bá já, ẹ má gbá a dànù: ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, ẹni tó ń din ẹja á pọn ẹja sínú ẹyin, á yí i mọ́ ọn, á sì pọ́n dáadáa.

Ẹ tún lè po ẹyin àti mílíìkì pọ̀, kí ẹ rẹ búrẹ́dì sí i, kí ẹ dín in. Àwọn elédè Faransé, títí kan àwọn ará Kútọnu, ń pe èyí ní búrẹ́dì tó ti sọnù. Èmi fẹ́ràn èyí tí a sè: ẹ já búrẹ́dì sínú mílíìkì, ẹyin àti ṣúgà, ẹ bù ú sínú agolo, kí ẹ fi ooru omi sè é bíi mọ́ínmọ́ín. Ọkọ mi kì í gbà pé búrẹ́dì àná ni.

Èyí tí wọ́n ti fi nǹkan há láàárín níbi òde, bí ó bá jẹ́ bọ́tà nìkan, ẹ yan án. Bí ó bá jẹ́ ẹyin, sàdíìnì tàbí màyónéèsì, ẹ má gbé e sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nínú ooru lásán ju wákàtí méjì lọ. Òde wa kì í sì í parí ní wákàtí méjì. Ẹ tètè pín in kí wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, èyí tó ṣẹ́ kù sì ni mo ń sọ. Ẹ padà sí ìṣírò wa: bí oníbúrẹ́dì yẹn bá rí ₦350 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan búrẹ́dì mẹ́rin yẹn lẹ́yìn owó èédú àti ọ̀rá, ₦1,400 ti pé, ó ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè ọjọ́ náà. Ohun tí mo mú wá síwájú ẹgbẹ́ ni pé kí àwọn oníbúrẹ́dì wa máa kó èyí tó kù jọ sójú kan lálẹ́, kí ẹni méjì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú iná kí ẹnikẹ́ni tó gé e, kí ẹgbẹ́ sì yá wọn lówó ra àdògán méjì àti agolo ńlá tó ní ìdérí. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi níbi tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá kọ orúkọ rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìrẹsì.