Ojú Rí I, Ahọ́n Ni Kò Dárúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ojú, ẹ pè mí wá síbi ayẹyẹ wíwọ ẹ̀wù funfun yín, ẹ sì rántí arúgbó tí ó ti fi pátákó ìkọ̀wé sílẹ̀ tipẹ́. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin; bí mo sì ti ń wò yín níbi tí ẹ tò sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ẹ̀wù náà ń dán lọ́rùn yín, n kò rí ipin kankan lójú àárọ̀ yín.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìtumọ̀ iṣẹ́ yín. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé optometrist ni ó ń wádìí bí ojú ti ń ríran sí, tí ó ń kọ awò fún ni, tí ó sì ń ṣọ́ àrùn kí ó tó gbilẹ̀. Pé dókítà oníṣẹ́ abẹ ojú ti kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn gbogbo ara kí ó tó yà sídìí ojú. Pé ẹni tí ń gé awò sínú férémù, iṣẹ́ tirẹ̀ tún yàtọ̀. Òfin ọdún 1989 ni ó gbé ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ optometrist àti oníṣẹ́ awò sílẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 6 gbáko ni ẹ óò sì lò nídìí ẹ̀kọ́ náà, láti orí ìrìn ìmọ́lẹ̀ títí dé orí oògùn. Ẹ mọ ìyókù jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: kí ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ ojú má ṣe fi ohun tí ẹnu lè dárúkọ wọn ohun tí ojú rí.

Ìjà láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹnu dárúkọ ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1858, ọ̀gbẹ́ni Gladstone, ẹni tí ó wá di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1868, jókòó ti ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́. Ó rí i pé akéwì náà fi òkun wé ọtí wáìnì, pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó bá parí èrò sí i pé ojú àwọn Gíríìkì ayé ìgbà náà kò tíì là dáadáa sí àwọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń rìn káàkiri ayé, tí wọ́n ń ka orúkọ àwọ̀ tí ó wà lẹ́nu ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ewúrẹ́ wọ ọgbà. Ní ọdún 1969, Brent Berlin àti Paul Kay tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n to èdè 98 sórí àkàbà onípele 7: èdè tí ó ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ 2 péré wà nísàlẹ̀ pátápátá, èdè tí ó ní dúdú, funfun àti pupa nìkan wà ní ìpele kejì, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní 11 sì gùnkè téńté. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: wọn kò sọ pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ àkàbà kò ríran, àní wọ́n ń jà fún un pé ojú ọmọ aráyé rí bákan náà. Àwọn tí ó gba àkàbà náà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi nà mí. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá ẹ̀kọ́ pẹ̀lú etí ara mi, pé Yorùbá tí ó lè pe ewé ẹ̀fọ́ ní dúdú, tí ó tún lè pe aṣọ aró ní dúdú, tí ó wá ń pe ọsàn, èédú iná àti ẹ̀jẹ̀ ní pupa, kò lè fi ojú ya àwọn àwọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Mo dìde, mo jiyàn, wọ́n ní kí n jókòó. Ó ti lé ní ogójì ọdún, n kò tíì jókòó.

Ìyá tí ó bí ìyá mi, aláró ni, ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Olúmọ. Ọmọ ọdún 8 ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí n dúró nídìí ìkòkò aró. Ewé èlú tí a ti gún, tí a ti mọ róbótó, tí a sì ti sá gbẹ, ni wọ́n ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀, títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba àdúgbò kan. Ìyá àgbà a ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á wo ìfófòó orí rẹ̀, wọ́n á sì mọ̀ bóyá aró ti jí tàbí ó ṣì ń sùn. Nígbà tí wọ́n bá ti aṣọ bọ inú rẹ̀ tí wọ́n sì fà á yọ, ẹni tí kò rí i rí yóò ṣe bí ẹni pé aṣọ náà ti bàjẹ́, nítorí kì í yọ ní àwọ̀ aró rárá: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ni ó máa ń jọ, ó sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí omi ọsàn. Atẹ́gùn a wá bà á. Láti etí aṣọ ni àwọ̀ ewé náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí sá, tí aró yóò máa lé e bọ̀ wá sí àárín, títí gbogbo aṣọ yóò fi dú. Ìyá àgbà kò jẹ́ ti aṣọ padà sínú ìkòkò kí àwọ̀ ewé tó tán nínú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n na aṣọ sí oòrùn, tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan tí kò ju orí èékánná lọ, tí wọ́n ní, "Ó kù síbí." Èmi tí mo dúró tì wọ́n kò rí nǹkan kan. Bí a bá sá aṣọ mẹ́fà sórí okùn, wọ́n á tọ́ka sí èyí tí ó ti wọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti èyí tí ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọn kì í sì í ṣì í. Bí ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ni orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn wọn kò ju pé, "Dúdú ni. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ni kò tíì dú tó."

Ta ni ó wà nísàlẹ̀ àkàbà?

Nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ ẹ̀yìn inú ẹyinjú, èyí tí a ń pè ní rẹ́tínà, oríṣi 3 ni àwọn ẹyọ tí ń gba àwọ̀ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé Thomas Young ti méfò rẹ̀ ní ọdún 1802 kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Oríṣi 3 yìí sì wà lójú ìyá àgbà bí ó ti wà lójú Gladstone. Àwọn baba ńlá wa fi aró fún agbè, wọ́n fi osùn fún àlùkò, wọ́n fi ẹfun fún lékeléke. Wọn kò da agbè pọ̀ mọ́ kannakánná nítorí pé a lè pe àwọn méjèèjì ní dúdú. Ohun tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, wọ́n fi nǹkan tí ó ní àwọ̀ náà pè é: àwọ̀ ewé, àwọ̀ sánmà, àwọ̀ iyeyè. Ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ yìí ti gùn tó; ẹni tí ẹ̀gún gún ni ó ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ.

Ẹ má sì rò pé ìjà inú ìwé lásán ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń wá iṣẹ́ awakọ̀ wá bá mi. Oníṣẹ́ ojú kan, tí n kò ní dárúkọ, ti na òwú aláwọ̀ ewé sí i, ó ní kí ó pe àwọ̀ rẹ̀; ọmọ náà ní "dúdú." Ó na òwú aláwọ̀ aró sí i, ọmọ náà tún ní "dúdú." Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀. Mo ṣí ìwé Ishihara fún un, èyí tí dókítà ojú ọmọ Japan nì ṣe ní ọdún 1917, tí kì í bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ àwọ̀: nọ́ńbà ni a fi àmì róbótó oríṣiríṣi àwọ̀ yà, kí ẹni tí ó rí i kà á, ẹni tí kò sì mọ nọ́ńbà lè fi ìka tọ ọ̀nà wíwọ́ tí ó wà nínú àwọn ojú ìwé kan. Nọ́ńbà 12 ni ti ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ pàápàá yóò kà á. Láti orí ìkejì ni ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kà á, ó ka èyí tí ó tẹ̀ lé e, ó kà wọ́n tán láìkọsẹ̀, ó wá wò mí bí ẹni tí ń dúró de ìdánwò gan-an. Mo kọ ìwé, mo fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́ kí ìwé mi tó débẹ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wí díẹ̀, ìbáwí baba sọ́mọ ni. Ẹ ń yára jù nídìí àga àyẹ̀wò. Ẹ óò gbé férémù ìdánwò sójú ìyá ẹni ọdún àádọ́rin, ẹ óò yí léǹsì padà wéréwéré, ẹ óò ní, "Èwo ló mọ́lẹ̀ jù, tàkọ́kọ́ àbí tèkejì?" Ìyá tí wọ́n kọ́ láti má ṣe tàbùkù iṣẹ́ ẹlòmíràn yóò fèsì pé, "Èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, dókítà," ẹ óò sì kọ ọ̀wọ̀ yìí sílẹ̀ bí ẹni pé ìríran ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ hàn yín ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà E kọjú sí, kí ẹ tó mọ̀ bóyá wọ́n rí i. Mo tún ti ka ìwé àyẹ̀wò yín tí ẹ kọ "ojú ń dùn ún" sí fún ogún ènìyàn. Ṣé ohun tí wọ́n sọ nìyẹn? Ojú tí ń ta ni kì í ṣe ojú tí ń yún ni. Èyí tí ń yún ni kì í ṣe èyí tí ń ro ni. Èyí tí ó ń ṣepin kì í ṣe èyí tí ó kàn pọ́n bí Àpólò, àrùn tí ó ti Ghana bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969 tí a fi orúkọ ọkọ̀ òṣùpá pè. Èdè tí ẹ bá lẹ́nu ìyá yín ti ṣe ìdajì àyẹ̀wò náà fún yín, ẹ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì pa á rẹ́.

Alága ti ń wo aago, mo rí i. Glaucoma ni mo fẹ́ kó yín dé. Nínú àyẹ̀wò tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, ẹni tí ó ju 4 lọ nínú 100 tí ó ti pé ogójì ọdún ni ojú rẹ̀ ti fọ́. Cataract, ìyẹn léǹsì inú ẹyinjú tí ó ti ṣú, ni ó fa bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà, glaucoma fa bí 17. Ti cataract ṣe é yọ. Ohun tí glaucoma bá ti gbà kò ṣe é gbà padà, nítorí okùn iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ ni ó ń jẹ. Kì í sábà ta, kì í yún, kì í ro, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ jẹ ojú bọ̀ wá sí àárín bí ẹni ń ká ẹní nílẹ̀. Níbí, ahọ́n kò dárúkọ rẹ̀, ojú fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn agbára omi inú ẹyinjú, tí a sì ń wo orí okùn iṣan náà pẹ̀lú irinṣẹ́ ìwo-inú-ojú tí ọ̀mọ̀wé Helmholtz ṣe ní ọdún 1851. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi oògùn ojú tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ lè fa àrùn yìí gan-an.

Ti àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ ti cataract ṣubú sínú ẹyinjú, n kò ní ráyè sọ ọ́. Nínú àyẹ̀wò kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ojú tí wọ́n ti tọ́jú fún cataract tí ó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ó gbà.

Ti ọmọdé, gbólóhùn kan: ojú tí kò bá rí dáadáa ní kékeré, ọpọlọ a máa gbàgbé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé Hubel àti Wiesel ti fi ọmọ ológbò hàn, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981, nítorí náà, ẹ gbé wọn wá kí wọ́n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ ìyá àgbà kan ni ó wà lórí tábìlì yìí. Bí a bá jẹun tán, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e jáde sínú oòrùn, nítorí iná gílóòbù yìí kò ní jẹ́ kí ẹ rí i, kí ó wá sọ fún mi iye ìgbà tí ó wọ aró.