Ọ̀RỌ̀ ÀÁRỌ̀: OBÌNRIN TÓ GBA Ẹ̀YÌN WÁ

(A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn, fún ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti gbọ́ ọ.)

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Farin Gada láti ìdájí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Katako àti Bukuru, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà tà. Mi ò ní pẹ́ púpọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin, torí ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ibi tá a ti ń kà lónìí ni Ìhìnrere Máàkù, orí 5, láti ẹsẹ 21 títí dé ìparí. Ẹ ó kà á fúnra yín tẹ́ ẹ bá ráyè. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jáírù, olórí sínágọ́gù ni, èèyàn pàtàkì láàárín ìlú. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 12, ń kú lọ. Ó wá wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù, ó bẹ̀ ẹ́ gidigidi pé kó bá òun délé. Jésù dìde, wọ́n jọ ń lọ. Èrò tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra bí èrò Terminus nígbà tí Kérésì bá ku ọ̀la.

Inú èrò yẹn ni obìnrin kan wà. Ọdún 12 ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀. Ẹ wò ó o: bí ọmọ Jáírù ṣe pẹ́ láyé tó, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí ṣe pẹ́ lára obìnrin yẹn tó. Ọdún táwọn kan fi ń tọ́ ọmọ, tí wọ́n ń yọ̀, òun ló fi ń sunkún.

Máàkù ò fi bò fún wa. Ó ní obìnrin yìí ti lọ sọ́dọ̀ dókítà púpọ̀, ó jìyà lọ́wọ́ wọn, ó ná gbogbo ohun tó ní tán, kàkà kó sàn, ńṣe ló ń burú sí i. Àwa oníṣòwò ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé jù. Kì í ṣe èrè nìkan ló ná o. Ojú owó gan-an ló ná. Tó bá ṣe pé èrè lèèyàn ná sórí àìsàn, tára bá yá, á tún padà sọ́jà. Àmọ́ ẹni tó bá ti jẹ ojú owó tán, tára rẹ̀ bá yá lónìí, kí ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la? Ìdí tí àwọn bàbá wa fi ń sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀ nìyẹn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ kíyè sí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bá obìnrin yìí wí nínú Ìwé Mímọ́ pé ó lọ rí dókítà. Jésù ò sọ pé, ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà? Lúùkù tó kọ Ìhìnrere kẹta, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ pè é ní oníṣègùn nínú Kólósè 4:14. Ọlọ́run ò bá dókítà jà o. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn, torí mo gbọ́ pé àwọn kan láàárín wa ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, wọ́n ní àwọn ti gba ìwòsàn. Tí o bá ti gba ìwòsàn, lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Jésù fúnra rẹ̀ ní kí adẹ́tẹ̀ tó wò sàn lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, torí àlùfáà ni ẹni tó ń yẹ irú àìsàn yẹn wò nígbà náà. Ìwòsàn tó bá dájú kì í sá fún àyẹ̀wò.

Ká padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Kí ló dé tó fi gba ẹ̀yìn? Ẹ ka Léfítíkù orí 15. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ aláìmọ́. Àga tó jókòó lé, aláìmọ́ ni. Ẹni tó fọwọ́ kan àga náà, aláìmọ́ ni títí di alẹ́. Ẹ rò ó wò, ta ló máa ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló máa ní kó wá jẹun? Ó yẹ kó yẹra fún èrò ni, àmọ́ ó rá pálá wọ àárín wọn, ó na ọwọ́, ó kan etí aṣọ Jésù. Lójú ẹsẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ó rò pé òun á rọra yọ́ lọ.

Jésù dúró. Ó ní ta ló fọwọ́ kan òun. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní, Ọ̀gá, nínú gbogbo èrò yìí? Ó ṣì ń wò yíká.

Jáírù ńkọ́? Ó dúró síbẹ̀. Ọmọ ń kú nílé. Ìṣẹ́jú kan fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ dà bí odidi ọjọ́ kan. A ò gbọ́ pé ó kígbe, a ò gbọ́ pé ó fa Jésù láṣọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí Jáírù yìí, a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí Jésù ò jẹ́ kí obìnrin yẹn lọ jẹ́ẹ́jẹ́? Ṣebí ara ti yá? Ara ti yá o, àmọ́ aráàlú ò mọ̀. Tó bá yọ́ lọ, lójú wọn, aláìmọ́ ló ṣì jẹ́. Jésù mú un síta, ó jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó wá pè é ní ọmọ òun. Nínú gbogbo Ìhìnrere, a ò gbọ́ obìnrin mìíràn tí Jésù dá pè bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Ẹni tó gba ẹ̀yìn wá, iwájú ló gbà padà. Àánú nìyẹn. Ìwòsàn tún ara ṣe, àánú dá èèyàn padà sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Nílùú tá a wà yìí gan-an, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ mọ Jankwano, ọsibítù Evangel tí SIM dá sílẹ̀ ní 1959, tó ti di ti Yunifásítì Bingham báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún àwọn obìnrin ṣe tí ìrọbí pẹ́ lára wọn, tí ibi kan fi ya nínú, tí ìtọ̀ wá ń jò lára wọn tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni ọkọ ti lé jáde, tí ẹbí ò fẹ́ súnmọ́ mọ́ nítorí òórùn. Dókítà lè rán ojú ọgbẹ́ yẹn. Àmọ́ ta ló máa gbà á sílé? Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ dókítà, ọwọ́ àwa aráàlú ló wà.

Ọsibítù yẹn náà ni ìtàn kejì tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀. Ní January 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan, Laura Wine, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa lọ́hùn-ún ní Borno, ṣàìsàn kan tẹ́nìkan ò mọ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e wá sí Jos níbí. Kò pẹ́ rárá tó fi kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jankwano, Charlotte Shaw, fi ìka nu ẹnu rẹ̀ fún un, ọgbẹ́ kékeré kan sì wà níka yẹn. Òun náà ṣàìsàn, ó kú ní February. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tí wọ́n ń pè ní Penny, tún ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, òun ló yè. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti wá rí kòkòrò àìsàn náà, tí wọ́n sọ ọ́ ní Lassa. Dókítà Jordi Casals tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Yunifásítì Yale tún kó o. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Penny tó ti yè ni wọ́n fà sí i lára, òun náà sì yè. Ní 1970, àìsàn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Dókítà Jeanette Troup, ní Jankwano kan náà, ń yẹ òkú aláìsàn kan wò kó lè mọ ohun tó pa á, ó fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Òun náà kú.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ṣé Charlotte Shaw ò nígbàgbọ́ ni? Ṣé Dókítà Troup ò gbàdúrà tó? Ẹni tó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń nu ẹnu aláìsàn lórí òkè Jos, ṣé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ló kéré? Rárá o. Torí náà, ẹ jẹ́ ká yé bi aláìsàn pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù bẹ́ẹ̀ nípa afọ́jú inú Jòhánù orí 9, ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe tàwọn òbí rẹ̀. Àwọn kan gbàgbọ́, wọ́n yè. Àwọn kan gbàgbọ́, wọ́n kú. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe owó tá a fi ń ra ìwòsàn, tẹ́ni tó bá kú wá di ẹni tówó rẹ̀ ò pé. Ọwọ́ tá a nà sí Jésù ni. Nínú Mátíù orí 25, ohun tí Ọba náà máa béèrè ni bóyá a wo òun nígbà tára òun ò yá. Kò ní béèrè bóyá ẹni tá a lọ wò yè tàbí kò yè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ, àánú tiyín tún wà o. Èkúté ló ń gbé ibà Lassa kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó bá oúnjẹ. Ìgbà ọyẹ́ bí irú èyí ló máa ń pọ̀, Plateau sì wà lára ìpínlẹ̀ tó ti ń yọjú. Ẹ bo gaàrí yín. Ẹ fi ìdérí dé ẹ̀wà àti àgbàdo. Ẹ má sá nǹkan jíjẹ sẹ́bàá títì. Tí ibà bá mú yín, tẹ́ ẹ lo oògùn ibà tí kò lọ, ẹ tètè gba ọsibítù lọ, torí oògùn Lassa máa ń ṣiṣẹ́ jù téèyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó kàn wá. Sunday tó ń bọ̀ la ní ìpàdé, ẹ sì mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti wà lórí àìsàn láti oṣù mẹ́rin. Mi ò ní dárúkọ. Ó ti kó àjọ tiẹ̀ kí àìsàn tó dé, àìsàn sì ti jẹ owó náà. Oṣù mẹ́rin ni kò rí ₦20,000 dá. Àwọn kan ní ká yọ orúkọ rẹ̀, ká sì gba owó ìtanràn. Mo gbọ́ pé tó bá rí wa lọ́nà báyìí, ńṣe ló ń sọdá sí òdì kejì títì. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yìn lòun náà ń gbà.

Àmọ́ mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, torí Jáírù náà wà láàárín wa. Àwọn mẹ́rin tó kó àjọ tí kò pé, owó wọn ni. Wọ́n ní ọmọ nílé ìwé, wọ́n ní gbèsè ọjà lọ́rùn. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Ẹ sì wo ohun tí Jésù ṣe: ó dúró ti obìnrin yẹn, síbẹ̀ kò fi ti Jáírù sílẹ̀. Wọ́n wá sọ fún un pé ọmọ ti kú, ó ṣì dé ilé yẹn, ó sì jí ọmọ náà dìde. Kò fi àánú ẹnì kan jẹ ẹlòmíràn níyà.

Ohun tí mo fẹ́ dábàá rèé. ₦80,000 ni gbogbo rẹ̀. Àwa 29 tó kù, tá a bá pín in, kò tó ₦2,800 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká fi dí ti àwọn mẹ́rin yẹn kó pé. Ká kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gbèsè tí aláìsàn náà máa san díẹ̀díẹ̀ tó bá padà sọ́jà, láìsí owó ìtanràn. Oṣù tó ń bọ̀, tó bá tún kù, ₦700 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kẹ́nìkan nínú àwọn ìyá wa sì lọ bá a nílé kí Sunday tó dé, kó sọ fún un pé a ń retí rẹ̀ nípàdé. Kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kó jókòó sáàárín wa bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí ọmọ Jáírù dìde, tí ẹnu ya gbogbo wọn, ẹ mọ ohun tí Jésù sọ? Ó ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ó wà níbẹ̀, ẹsẹ 43. Àwa ọlọ́jà ni, a mọ bí wọ́n ṣe ń wọn oúnjẹ. Ẹni tó bá ń lọ sílé rẹ̀, kó gbé nǹkan dání.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Jésù, ìwọ tó dúró nítorí obìnrin kan nínú èrò, dúró ti ẹni wa tára rẹ̀ ò yá. Fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìlú yìí ní ọgbọ́n àti ààbò. Tu àwọn tí èèyàn wọn kú nínú. Kọ́ àwa náà láti dúró, kódà tí ọjà bá ń yá. Bo Jos, bo Rantya, bo àwọn tá a fi sílẹ̀ nílé. Àmín.

 Ọjà á tà. Ó di ọ̀la tí Ọlọ́run bá fẹ́, ó sì di Sunday.