Ilé Tí A Ti Wá, Ilé-Ìwé Tí À Ń Yàn



Ní 1979, ìjọba Ajáṣin sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ilé tí a ti wá ló ń yan ilé-ìwé fún wa: ará Áńgílíkà ń wo Victory College n'Íkàrẹ́, Mùsùlùmí ń wo ti Ansar-ud-Deen, Kátólíìkì ń wo St. Patrick's n'Ìwárò-Ọ̀kà.

Ìyá mi oníṣu kò mọ̀wé. Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí ló mú mi lọ. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ló ń ṣí ìwé mi, tó ń wá yíǹkì pupa tíṣà. Bí kò bá rí i, ilé-ìwé ló ń gbà lọ láàárọ̀.

Lónìí, àwa tó kàwé ń sanwó gọbọi nítorí orúkọ, a kì í ṣí ìwé ọmọ. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.