Ẹlẹ́rìí Nínú Igbó: Òǹkàwé Láàrin Ìtàn Iwin, Ìwé Tí Kò Gbó àti Ìtàn Ìgbésí Ayé



Bí òǹkàwé bá wọ ilé ìtàwé, ọ̀tọ̀ ni yóò ti rí ìtàn iwin àti ẹbọra, ọ̀tọ̀ ni àwọn ìwé àtijọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò, ọ̀tọ̀ sì ni ìwé tí ènìyàn kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ètò náà dára fún ẹni tó ń tajà. Àmọ́ ẹni tó bá mú ìwé mélòó kan lórí pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì kà wọ́n tẹ̀léra, yóò rí i pé wọ́n ń wọlé tọ ara wọn. Ìtàn iwin ń sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ìtàn ìgbésí ayé ń rí iwin lẹ́yìnkùlé. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí òǹkàwé tó béèrè bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń gbọ́.

Orí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1938 ni ìwé náà jáde. Olùkọ́ ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà nígbà náà, ọmọ Òkè-Igbó tó kàwé ní St Andrew's College ní Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ka ìwé náà tí kì í rántí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rántí ọkùnrin tó jókòó ti gègé àti tákàdá. Bàbá arúgbó kan ló wá bá a nílé, tó ní kó kọ ìtàn òun sílẹ̀, kí ìtàn náà má bàa bá òun wọlẹ̀. Àkàrà-ògùn ni bàbá náà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni èkejì ń kọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ sì tún mọ́, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, èrò ti ń rọ́ wá.

Fágúnwà ì bá ti pa á lálọ̀ọ́. Ẹni tó ń pàlọ́ kì í sọ pé ó ṣojú òun. Ìjàpá á lọ, Ìjàpá á bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹlẹ́rìí. Ọdẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tó bá ti inú ìgbẹ́ dé gbọ́dọ̀ ròyìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀: ibi tó gbà, ohun tó pàdé, bó ṣe bọ́. Ohùn ọdẹ yìí ni Fágúnwà yá. Nítorí náà, kí Àkàrà-ògùn tó mú wa wọ inú igbó, ó kọ́kọ́ sọ ìdílé rẹ̀ fún wa bí ẹni tí wọ́n ní kó sọ orúkọ àti ìran rẹ̀: bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ tó tún jẹ́ olóògùn, ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, ọwọ́ bàbá náà sì ni ìyá kú sí. Nígbà tí òǹkàwé yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹbọra àkọ́kọ́, ó ti mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní 1949, Igbó Olódùmarè jáde, ó sì lọ sórí ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn. Ọdún yẹn kan náà ni apá kìíní Ìrìnàjò jáde, níbi tí Fágúnwà ti ròyìn ìrìn àjò tirẹ̀ gan-an sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá kejì dé ní 1951. Ilé ìtàwé á gbé ọ̀kan sí ìhà àròsọ, á gbé èkejì sí ìhà ìrírí. Ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà: ènìyàn fi ilé sílẹ̀, ó rí ohun tí ará ilé kò rí rí, ó padà wá jíṣẹ́.

Amos Tutùọlá mú ẹ̀rí yìí dé ibi ìṣirò owó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Kò kàwé jìnnà, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ní 1952, nígbà tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Nílé níbí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń tijú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti jẹ àkókò tó pọ̀ jù. Iye ohun gbogbo ló yẹ kí òǹkàwé máa wò nínú ìwé náà.

Igi ọ̀pẹ 560,000 ló wà lóko tí bàbá fún ọ̀mùtí tó ń sọ ìtàn náà. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 ni adẹ́mu ń dá fún un láàárọ̀. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ó ti mu ún tán, adẹ́mu á sì tún dá 75 wá nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin arẹwà tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé kúrò lọ́jà yá ẹsẹ̀, ó yá apá, ó yá gbogbo ẹ̀yà ara. Bó ṣe ń dá wọn padà fún olówó wọn lójú ọ̀nà ló ń san owó ìyálò, títí ó fi ku agbárí lásán. Nígbà tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ wọ inú igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti pẹ́nsì 6. Ìbẹ̀rù wọn ní tirẹ̀, wọn kò tà á. Wọ́n fi yáni ni, pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 sì ni èlé rẹ̀ lóṣù. Ìgbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú kò dá a padà. Bí wọ́n ṣe di ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí kò sì lè kú nìyẹn.

Ẹni tó ti rí rìsíìtì àti ìwé owó ló lè kọ irú èyí. Iye náà ló ń mú òǹkàwé rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì ń mú un gbà gbọ́, nítorí òpùrọ́ lásán kì í rántí pẹ́nsì mẹ́fà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ìwé tí gbogbo ohun inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1837, Samuel Àjàyí Crowther kọ lẹ́tà láti Fourah Bay ní Sierra Leone sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. Ó ròyìn bí ogun ṣe fọ́ Òṣogùn ní 1821, bí wọ́n ṣe kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, bí òun ṣe ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ náà dúró.

Ibi tó yẹ kí òǹkàwé ti dúró díẹ̀ nìyí. Wọ́n kó Àjàyí àti àwọn mìíràn sínú Myrmidon. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n fi kọ́, awọ rẹ̀ funfun. Wọ́n rí ọta àgbá tó wà ní òkìtì. Lójú wọn, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti pa: ẹran ara wọn ló so rọ̀ yẹn, orí wọn ló wà nílẹ̀ yẹn. Wọ́n wá sún mọ́ ọn, wọ́n sì rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tó ń kọ lẹ́tà yìí, Àjàyí ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ àti irin ni. Ó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó fò ó. Kò ṣe é. Orí ènìyàn ló kọ́kọ́ fi hàn wá, nítorí òun ni ojú ọmọdékùnrin náà rí lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn èyí ló tó mú wa sún mọ́ ọn. Nínú gbólóhùn díẹ̀ yẹn, lẹ́tà sí akọ̀wé ìjọ di igbó irúnmọlẹ̀. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà láàrin Àjàyí àti Àkàrà-ògùn: Àjàyí rìn lọ bá ohun tó bà á lẹ́rù, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ròyìn àbájáde rẹ̀.

Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí ohùn ẹlẹ́rìí lè tan ènìyàn. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ti dàgbà, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ láàrin àwọn ọkùnrin Èkó. Ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń rántí orin ìgbà náà, ó ń sunkún. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn náà bí ẹni tó wà láàyè. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́. Ìtàn náà di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀mọ̀wé Karin Barber tún tẹ̀ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣáájú Ògbójú Ọdẹ pẹ̀lú ọdún mẹ́jọ. Ìtàn ìgbésí ayé ẹni tí a kò bí rí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìtàn àròsọ wa.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, bí ó bá rí báyìí, kí ni ó kù tí òǹkàwé lè gbára lé? Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1981 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, dáhùn rẹ̀ dáadáa. Iwin wà nínú Aké. Àbíkú wà níbẹ̀: Bùkọ́lá, ọmọ ìdílé tó ń tàwé. Ìtàn Sànyà, arákùnrin ìyá rẹ̀, tó mọ ọ̀nà àwọn ará igbó, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ Ṣóyínká kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn àwọn ará igbó yẹn. Ìyá rẹ̀, tó fún ní orúkọ Wild Christian, ló ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń da ìbéèrè bò ó. Òǹkàwé mọ ẹni tó sọ ọ́, ó mọ ẹni tó gbọ́ ọ, ó sì mọ ọjọ́ orí ẹni tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìwé náà dé orí ọ̀tẹ̀ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí owó orí, ohùn yí padà. Ọmọdékùnrin náà wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń jíṣẹ́ láàrin àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó sòdí. Ìtàn ìlú jẹ́rìí sí i: ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀. Ohun tí ìyá sọ wà ní àyè tirẹ̀, ohun tí ọmọ rí wà ní àyè tirẹ̀. Ìṣòótọ́ tí òǹkàwé lè béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ìrántí nìyẹn, Aké sì san án láìjẹ gbèsè.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí ì bá bínú bí a kò bá dárúkọ ìwé tiwọn. Tómi Adéyẹmí, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde ní 2018. Ìlú Salvador ní Brazil, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti rí àwòrán àwọn òrìṣà, ni èrò ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sí i lọ́kàn. Zélie, Amari àti ọmọ ọba tó ń jẹ́ Inan ló ń sọ ìtàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọ̀kan sì rí kì í bá ti èkejì mu. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n. Síbẹ̀, nínú ìwé náà kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́ wọn. Òǹkàwé nìkan ni. Ìwé náà ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní èrò tó ń rọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà Àkàrà-ògùn, àìsí wọn sì hàn.

Èrò yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ìwé gbó. Ẹni tó gbọ́ ló ń tún un sọ. Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ọ̀mùtí Tutùọlá padà sí Yorùbá lórí ìtàgé ní 1963. Ní 2001, Akínwùmí Ìṣọ̀lá mú Aké bọ̀ wálé sí èdè tí Wild Christian fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Fágúnwà, ẹ má dúró sórí ẹ̀kọ́ ìwà nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó mú gègé. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí Ìrìnàjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igbó Olódùmarè, kí ọmọ lè rà wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tí òbí àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì kọ orúkọ, ọdún, ìlú àti iye owó bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn rí iwin, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ síwájú rẹ̀.