Ẹ̀rọ Tí Ń Dá Ṣiṣẹ́ àti Ọjọ́ Iwájú Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni. Ó jẹ mọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́, àti iṣẹ́ tí yóò kù fún àwọn ọmọ wa láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Inú eré orí ìtàgé kan tí Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, tẹ̀ jáde ní 1920 ni orúkọ náà, róbọ́ọ̀tì, ti wá. Iṣẹ́ àfipámúniṣe ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní èdè tiwọn. Ní 1961 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, gbé apá irin kan tí a ń pè ní Unimate sẹ́nu iṣẹ́, kí ó máa gbé irin gbígbóná tí ó lè jó ènìyàn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ nìyí: ẹ̀rọ ìránṣọ kò lè rán ohunkóhun bí ọwọ́ aránṣọ kò bá darí aṣọ, ṣùgbọ́n èyí, bí a bá ti to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ sí i nínú lẹ́ẹ̀kan, yóò máa tẹ̀lé e tọ̀sán tòru. Ní 2023, irú rẹ̀ tí ó wà ní àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri àgbáyé ti ju mílíọ̀nù 4 lọ, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó sì ní jùlọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn odi ni èyí, kí ó lọ sí ibi tí a ti ń ṣe gàrí. Àwọn ìyá wa àgbà a máa rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí a fi ìṣó lu ní ihò. Nígbà mìíràn páànù a bó wọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì jáde. Ẹ̀rọ dé, ohun tí à ń fi odidi ọjọ́ rin di ohun tí à ń rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní, ẹ̀rọ kò gba gbogbo iṣẹ́ gàrí: ọ̀bẹ ni a ṣì fi ń bó ẹ̀gẹ́ ní ibi púpọ̀, ìdí agbada ni àwọn obìnrin sì ṣì ń jókòó sí nínú èéfín. Bí rírin ti wá yá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a ó bó àti èyí tí a ó yan ń pọ̀ sí i. Èkejì, ẹni tí ó ni ẹ̀gẹ́ kọ́ ni ó sábà máa ń ni ẹ̀rọ. Iye abọ́ tí ìyá kan bá gbé wá ni yóò sanwó lé lórí, ẹlẹ́rọ a sì gba tirẹ̀, yálà gàrí tà tàbí kò tà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í sábà gba iṣẹ́ tán, ṣùgbọ́n èrè iṣẹ́ a máa yà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1967 ni báńkì Barclays ṣí ẹ̀rọ tí ń sanwó ní Enfield, ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú rẹ̀ dé Nàìjíríà ní 1989. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ akọ̀wé báńkì ti tán. Ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nílò dín kù, owó tí a fi ń ṣí ẹ̀ka wálẹ̀, àwọn báńkì sì ṣí ẹ̀ka púpọ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí iye àwọn akọ̀wé náà fi ń pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò dídín ìlò owó bébà kù láti Èkó ní 2012. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ẹ̀rọ POS sanwó lábẹ́ agbòòrùn ti gba gbogbo ìkóríta. Iṣẹ́ titun jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ẹni tí ó jókòó nínú báńkì ní owó oṣù àti ìsinmi, ẹni tí ó jókòó lábẹ́ agbòòrùn kò ní ju èrè ọjọ́ náà lọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bí kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó pa.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ mọ èyí tí ó kàn. Amazon ra ilé iṣẹ́ Kiva tí ń ṣe róbọ́ọ̀tì ní 2012. Ní 2025 ó kéde pé róbọ́ọ̀tì òun ti pé mílíọ̀nù 1. Ní irú ilé ìkẹ́rùsí bí èyí tí ó wà ní Tilbury, òṣìṣẹ́ kì í rìn lọ bá ọjà lórí pẹpẹ mọ́; róbọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ ni yóò wọ abẹ́ pẹpẹ, tí yóò sì gbé e tọ òṣìṣẹ́ wá. Ẹsẹ̀ sinmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò sinmi, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ti ń gbé e dé ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa yá.

Ẹrù gbígbé, ohun rírin àti owó kíkà ni gbogbo èyí tí a ti sọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ ti ń kọ lẹ́tà, ó sì ń ké ìwé gígùn kúrú fún ẹni tí ó bá fẹ́. Èyí ni ó kan àwa olùkọ́ jùlọ. Láti ìgbà tí Ètò Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní 1955, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń retí ni pé kí ọmọ wọn di akọ̀wé, kí ó jókòó sídìí tábìlì. Ìrètí yẹn kò burú. Òun ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí, òun ni ó sì sin ọ̀pọ̀ òkú tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n apá iṣẹ́ akọ̀wé tí a ń ṣe bákan náà lójoojúmọ́ gan-an ni ẹ̀rọ titun yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tí a kọ́ láti máa há ọ̀rọ̀ sórí nìkan yóò wá bá ohun tí kì í sùn du iṣẹ́.

Ṣé kí a wá káwọ́ lérí? Rárá o. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́. Iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan ń bà á jẹ́. Eruku ọyẹ́ ń bà á jẹ́. Ọwọ́ ènìyàn tí ó mòye ni yóò sì tú u, tí yóò wá ibi tí àrùn wà. Nígbà àtijọ́, alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ ìlú náà ni ó ń tún un rọ. Lónìí, bí ẹ̀rọ tí ń fa omi bá kọṣẹ́ ní ìlú wa, ìlú ńlá ni a ń ránṣẹ́ sí, a ó sì máa ru omi títí ẹni tí a ránṣẹ́ pè yóò fi dé. Ìlú tí kò lè tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe yóò máa ṣe àlejò nínú ìlọsíwájú ara rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a gbé síwájú ìpàdé yìí. Èkíní, kí a pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí Ẹgbẹ́ ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún sí méjì ọgbọọgba: kí ìdajì máa lọ fún ẹ̀kọ́ ìwé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ìdajì sì máa lọ fún àwọn ọmọ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí yóò kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, iṣẹ́ iná agbára oòrùn, irin jíjó àti títún ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn kan lè sọ pé à ń fẹ́ dá àwọn ọmọ tálákà padà sí iṣẹ́ ìdọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ òní ṣe gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, kí ó sì lè ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá. Ìwé àti ọwọ́ ni yóò jọ ṣiṣẹ́.

Èkejì, kí àwọn ìyá wa tí ń ṣe gàrí dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí Ẹgbẹ́ sì yá wọn lówó láti ra ẹ̀rọ ti ara wọn, kí èrè rẹ̀ má baà máa gba ojú wọn kọjá.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè-òkun, ẹ ń fowó ránṣẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wálé fún ọdún, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú yín, kí ó fún àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ méjì péré, kí ó kọ́ wọn ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Irin iṣẹ́ tí ẹ bá kó wá yóò pẹ́ ju aṣọ ẹbí lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A bẹ Alàgà kí ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí síwájú ilé kí ìpàdé tó tú, kí a lè mọ ibi tí a dúró sí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa gbèrú sí i, kí Ó sì fi ìṣọ̀kan sáàárín wa.